Bí Ọ̀rọ̀nsẹ̀n Bá Ní Kámẹ́rà

Nígbà ọdún Ìgógó, tó máa ń bọ́ sí oṣù kẹsàn-án, ìlù kì í dún ní Ọ̀wọ̀. Agogo ni wọ́n ń lù. Obìnrin kì í wé gèlè, ọkùnrin kì í dé fìlà. Ọlọ́wọ̀, ọba ìlú, á dirun bí obìnrin, á gbé ìlẹ̀kẹ̀ iyùn wọ̀, á sì jó jáde, tòun tàwọn ìjòyè rẹ̀. Ibikíbi tó bá ti yọ, ọwọ́ gbogbo èrò á lọ sókè pẹ̀lú fóònù. Lálẹ́ ọjọ́ náà, kó tó di pé a sùn, fídíò á ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Ọ̀wọ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston.

Mo máa ń wo àwọn fídíò yìí dáadáa. Ọba wà níbẹ̀, àwọn ìjòyè wà níbẹ̀, ọlọ́pàá tó ń lé èrò sẹ́yìn náà wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ṣọdún nìkan ni kò sí níbẹ̀. Obìnrin ni, Ọ̀rọ̀nsẹ̀n lorúkọ rẹ̀. Gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀, ẹnu ẹlòmíràn la ti gbọ́ ọ.

*

Ìtàn rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ọmọ Ọ̀wọ̀ kankan, àmọ́ n ó sọ ọ́ nítorí àwọn ará òkèèrè. Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n fẹ́ obìnrin kan tó ju èèyàn lásán lọ. Obìnrin náà ní èèwọ̀. Wọn kì í lọ ilá níṣojú rẹ̀, wọn kì í da omi sí àgbàlá níṣojú rẹ̀, wọn kì í sì í sọ igi ìdáná kalẹ̀ gbì níṣojú rẹ̀. Ọba fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, àwọn orogún sì bínú. Wọ́n wádìí títí tí èèwọ̀ náà fi tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, wọ́n sì ṣe gbogbo rẹ̀ lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀nsẹ̀n kúrò nílé. Wọ́n wá a dé Igbó 'Lájà, níbi tí ọ̀já orí rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ sí. Kò padà mọ́.

Ìdí tí obìnrin yìí fi sọnù ni pé ẹlòmíràn ló tú àṣírí rẹ̀. Bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ sọ ọ́, ó lè sọ ọ́ fún ẹni tó bá wù ú, lọ́jọ́ tó bá wù ú, kó sì gbé èyí tí kò fẹ́ sọ mì. Láti ìgbà tí mo ti ń wo àwọn fíìmù tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin ń fi kámẹ́rà ara wọn yà nípa ara wọn àti ilé wọn, yálà ní ilẹ̀ Lárúbáwá tàbí níhìn-ín ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀rọ̀ Ọ̀rọ̀nsẹ̀n ni mo ń bá pàdé lábẹ́ wọn. Obìnrin tó bá di kámẹ́rà mú ló ń pinnu èyí tí yóò sọ nínú èèwọ̀ rẹ̀.

*

Ní Casablanca, lórílẹ̀-èdè Mòrókò, ọmọbìnrin kan dàgbà nínú ilé tí kò sí fọ́tò. Ìyá àgbà ló ni àṣẹ ilé náà, kò sì gba fọ́tò láyè, àyàfi ti Ọba Hassan Kejì tó wà lára ògiri. Ọmọbìnrin náà, Asmae El Moudir, di ẹni tó ń ṣe fíìmù. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n nílé pé kí ló dé tí òun kò ní àwòrán ìgbà èwe òun. Ìbéèrè yẹn gbé e dé oṣù kẹfà ọdún 1981, nígbà tí àwọn aráàlú dìde nítorí owó búrẹ́dì tó gbówó lórí, tí ìjọba sì yìnbọn fún wọn ní àdúgbò wọn gan-an. Ọmọ aládùúgbò kan kú. Ìdílé rẹ̀ kò rí òkú rẹ̀ sin.

Fọ́tò ọjọ́ náà ṣọ̀wọ́n. Bàbá Asmae, tó jẹ́ bíríkìlà, bá fi amọ̀ àti pákó kọ́ àdúgbò náà ní kékeré: ilé, òpópónà, àwọn ènìyàn tí wọn kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ọmọ náà kó ìyá àgbà, òbí àti aládùúgbò jọ yí i ká, ó tan kámẹ́rà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ní 2023, fíìmù náà, Kadib Abyad, gba ẹ̀bùn olùdarí ní ẹ̀ka Un Certain Regard ní Cannes.

Mo gbóríyìn fún un nítorí ohun kan. Ìyá àgbà náà kò fẹ́ sọ̀rọ̀, inú ń bí i, ó ń bá wọn jà. Ọmọ náà kò gé ìbínú yẹn kúrò. Ó jẹ́ kí gbogbo ayé rí i pé ìyá àgbà ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀, ó sì jẹ́ kí wọ́n rí ohun tí kíkọ̀ yẹn ti ṣe fún àwọn ọmọ.

*

Fífi amọ̀ mọ èèyàn kì í ṣe nǹkan tuntun ní Ọ̀wọ̀. Ní 1971, Ekpo Eyo tó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà gbẹ́ ilẹ̀ ní Igbó 'Lájà, igbó Ọ̀rọ̀nsẹ̀n yẹn náà. Ó rí orí amọ̀, ọwọ́ amọ̀, ara ènìyàn àti ẹranko tí wọ́n fi amọ̀ ṣe. Àyẹ̀wò gbé wọn sí nǹkan bí ọ̀rúndún karùndínlógún. Iṣẹ́ náà jọ ti Ifẹ̀, ó sì jọ ti Bìní, ó sì dá dúró láyè ara rẹ̀. Ojú àwọn orí náà tutù, wọ́n sì ń wo ènìyàn ní tààràtà.

Lẹ́yìn náà ni àkó. Bí ẹni ńlá bá kú ní Ọ̀wọ̀ láyé àtijọ́, wọ́n á sin ín. Nígbà tó bá yá, àwọn ọmọ á tún ìsìnkú kejì ṣe. Wọ́n á gbé iṣẹ́ fún agbẹ́gilére, yóò gbẹ́ ère tó ga bí olóògbé náà, tí ojú rẹ̀ jọ tirẹ̀ débi tí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á fi dá a mọ̀. Wọ́n á kó aṣọ tó dára jù lọ nínú aṣọ rẹ̀ wọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e jókòó kí tẹbí tará lè wá kí i, wọ́n á sì gbé e yí ìlú ká kí wọ́n tó sin ín. Ní 1944, wọ́n ṣe àkó fún ìyá Ọlọ́wọ̀ Ọlátẹ́rù Ọlágbègí Kejì, fọ́tò rẹ̀ sì wà títí dòní. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abíọ́dún, ọmọ Ọ̀wọ̀, kọ ìwádìí lórí àkó ní 1976. Ó yẹ kí ọmọ ilé ìwé gíga gbogbo ní ìpínlẹ̀ Oǹdó kà á.

Owó ńlá ni àkó ń gbà. Ìyá tó ta ata títí tó fi tọ́ ọmọ yọrí ilé ìwé, kò sí àkó fún un. Ohun tí mo rò nìyí nígbà tí mo rí ọmọbìnrin kan ní Ìpele tó fi fóònù olówó pọ́ọ́kú ya ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń dín gaàrí, láti ìgbà tí iná ti ń jó títí gaàrí fi tutù. Ìyá náà wà láàyè, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń kọ́ ọmọ náà bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti yan. Ìyá aláta àti ìyá onígaàrí ti ní ohun tí ìyá ọba nìkan ń ní.

*

Ìkàrẹ́ Junction, ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọbìnrin mélòó kan dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù aṣọ, wọ́n gbé fóònù ka orí igò omi, wọ́n ń jó. Wọ́n á wo ohun tí wọ́n yà, wọ́n á pa á rẹ́, wọ́n á tún un jó. Mo gbọ́ tí àgbàlagbà kan tó ń kọjá ń ráhùn pé ara wọn nìkan ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń wò.

Mi ò bá a ráhùn. Ẹni tó mọ bí òun ṣe rí lójú kámẹ́rà ti ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́wọ́. Ó mọ ibi tí iná ti ń wá, ó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Àmọ́ ijó yẹn kò tíì di dọ́kúmẹ́ńtárì. Yóò dì í lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá fi apá tí wọ́n ń pa rẹ́ yẹn sílẹ̀: ibi tí ẹnìkan ti ní bàbá òun kò gbọdọ̀ rí fídíò yìí, ibi tí èkejì ti ní kí wọ́n má jẹ́ kí àpá ọwọ́ òun hàn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

*

“Ìyá mi, ẹ jẹ́ n yà yín ní fídíò.”

“Dúró ná, jẹ́ n lọ wọ aṣọ.”

Mo ti gbọ́ èyí nílé tó pọ̀. Ọmọ ń fẹ́ kí ìyá àgbà wà bó ṣe wà, pẹ̀lú ìró àyà àti ọ̀bẹ ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Ìyá àgbà á wọlé, á bọ́ sínú bùbá ọdún, á wé gèlè, á jókòó gbọnrangandan lórí àga, ọwọ́ lórí orúnkún, kò ní rẹ́rìn-ín. Ọmọ á ní ó ti ba fídíò jẹ́.

Kò bà á jẹ́. Ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, bá àwọn oní-fọ́tò ṣiṣẹ́ ní Ìlá Ọ̀ràngún, ó sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1978. Ó rí i pé bí àwọn Yorùbá ṣe ń jókòó ya fọ́tò kì í ṣe ojora. Bẹ́ẹ̀ ni àgbà ṣe ń fẹ́ kí a rántí òun: ara rẹ̀ pé, ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀, ipò rẹ̀ hàn. Ìyá àgbà ti ń darí fíìmù ara rẹ̀ kó tó di pé a bí ọmọ tó gbé fóònù. Kí ọmọ náà ya méjèèjì, ìyá lórí àga àti ìyá nídìí ẹ̀gẹ́, kó má sì pa ọ̀kan nítorí èkejì.

Sprague tún sọ ohun kan tí mi ò lè gbàgbé. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìtíì ya fọ́tò pọ̀, oní-fọ́tò á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á sì tẹ méjèèjì sórí pépà kan bí ẹni pé wọ́n jọ jókòó. Bí akọ àti abo ni wọ́n, ọmọ tó kù á wọ aṣọ ara rẹ̀, á yà, á tún wọ aṣọ èkejì rẹ̀, á tún yà. Ọmọ kékeré ń dúró fún ẹni tí kò sí mọ́. Inú mi máa ń dùn pé àwa la ronú kàn án, ní ìlú kékeré, nínú ṣọ́ọ̀bù fọ́tò lásán.

*

Ní Accra, Felicia Abban ni a mọ̀ sí obìnrin àkọ́kọ́ tó fi iṣẹ́ fọ́tò jẹun ní Gánà. Kó tó lọ sí òde, á kọ́kọ́ dúró níwájú kámẹ́rà nínú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Jamestown, pẹ̀lú aṣọ òde, bàtà àti báàgì, á sì ya ara rẹ̀. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2019, wọ́n gbé àwọn fọ́tò náà lọ sí Venice, ayé sì yà wò wọ́n. Ó kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Sẹ́lífì ti wà ní Áfíríkà kó tó ní orúkọ, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ jẹun ló ń yà á.

*

Aïcha Macky jẹ́ ọmọ Zinder, lórílẹ̀-èdè Niger, ní àárín àwọn Hausa. Ìyá rẹ̀ kú nígbà ìbímọ, òun wà ní kékeré. Ó dàgbà, ó lọ́kọ, ọmọ kò tètè dé. Ní 2016 ó gbé fíìmù jáde tó pè ní L'arbre sans fruit, nípa igi tí kò so èso. Nínú rẹ̀, ó ń bá ìyá rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀, ó sì ń jókòó ti àwọn obìnrin mìíràn tí wọ́n ń wá ọmọ, tí wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àbùkù lẹ́nu àna àti orogún. Ó gbé kámẹ́rà dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó jẹ́ kí a gbọ́ pé ọkùnrin náà lè jẹ́ okùnfà, bẹ́ẹ̀ obìnrin ni gbogbo ayé ń nàka sí.

Nílé wa níbí, ta ni yóò sọ èyí níta? A ní orúkọ fún obìnrin tí kò bí, orúkọ náà sì ń gún ni. Aládùúrà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí pẹpẹ, fíìmù àgbéléwò ń fi í ṣe ẹlẹ́yà, ìyá ọkọ ń sọ ọ́ lójú ọjà. Òun nìkan ni kì í sọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Aïcha sọ tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bá a sọ ọ́. Ìgboyà tí mo mọ̀ kò ju ìyẹn lọ, mo sì ń wá obìnrin Ọ̀wọ̀ tàbí ti Ìfọ̀n tí yóò ṣe é ní èdè wa.

*

Omi. Ẹni tó bá mọ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní àwọn ìletò agbègbè Ọ̀sẹ̀ mọ bí kẹ́ẹ̀gì ṣe ń tò nídìí ẹ̀rọ omi láti ìdájí. Obìnrin àti ọmọbìnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Wura-Natasha Ogunji, tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, wá sí Èkó, ó so kẹ́ẹ̀gì omi mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì wọ́ ọ gba àárín ìgboro lọ. Ní 2013, ó tún un ṣe pẹ̀lú àwọn obìnrin mìíràn. Wọ́n bo ojú, wọ́n wọ aṣọ aláràbarà, wọ́n ń wọ́ kẹ́ẹ̀gì tó wúwo lọ láàárín àwọn ọlọ́kadà àti oníbùrẹ́dì, kámẹ́rà ń tẹ̀lé wọn. Ìbéèrè tó fi ṣe orúkọ iṣẹ́ náà ni bóyá òun ṣì máa pọnmi lẹ́yìn tí òun bá kú.

Ìbéèrè yẹn ju omi lọ. Ọkùnrin ló ń gbé eégún ní ilẹ̀ wa; òkú ọ̀run tó bá padà wá, ara ọkùnrin ló ń gbé wọ̀. Obìnrin bo ojú rẹ̀ níhìn-ín, ó rìn ní ìgboro, gbogbo èèyàn dúró wò ó, kò sì sí ẹni tó mọ irú ara ọ̀run tó jẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní kò bá àṣà mu. Ní Ọ̀wọ̀, níbi tí ọba ti ń dirun nítorí obìnrin, mo rò pé a lè fara balẹ̀ gbọ́ ohun tó ń bèèrè.

*

Zina Saro-Wiwa kò sunkún bàbá rẹ̀ tán nígbà tí wọ́n pa á. Ìjọba ológun yẹgi fún bàbá náà, Ken Saro-Wiwa, àti àwọn mẹ́jọ mìíràn ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1995. Gbogbo ayé sọ̀rọ̀ ikú náà, ọ̀rọ̀ òṣèlú àti epo rọ̀bì bò ó mọ́lẹ̀. Ní 2011, ọmọ náà jókòó níwájú kámẹ́rà lóun nìkan, ó ń gbìyànjú láti sunkún. Ó ṣòro fún un. Ẹkún náà ń wá, ó ń padà, ó tún ń wá. Mo wò ó, mo sì rántí pé láàárín wa, obìnrin ni a ń fi iṣẹ́ ẹkún sísun lé lọ́wọ́, a kì í sì í bi í bóyá tirẹ̀ ti tán.

*

Ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, Ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì. Àwọn apànìyàn wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis Xavier ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa èèyàn tí kò dín ní 40. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, fídíò ti gba gbogbo fóònù kan. A rí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà. A rí àwọn ìyá tí wọ́n ń ké. Lọ́jọ́ kejì, àwọn oníròyìn dé láti ibi gbogbo, wọ́n gbé kámẹ́rà sí ojú àwọn obìnrin tí kò tíì rí ara wọn gbé dúró. Wọ́n ní iṣẹ́ wọn láti ṣe, ayé sì ní láti mọ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin yẹn ni a mọ̀ kìkì nípa ìṣẹ́jú tó burú jù lọ láyé wọn.

Ní Aleppo, ní Síríà, Waad al-Kateab jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì nígbà tí ọ̀rọ̀ ìlú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dojú rú ní 2011. Ó gbé kámẹ́rà, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ dókítà, ó bí ọmọ sí àárín bọ́ǹbù, ó ń yà ní ilé ìwòsàn tí ọkọ rẹ̀ ń darí títí wọ́n fi kúrò nílùú ní òpin 2016. Ó sọ fíìmù náà, For Sama, di ọ̀rọ̀ tó ń bá ọmọbìnrin rẹ̀ sọ. Ikú pọ̀ nínú rẹ̀. Àmọ́ ìgbéyàwó náà wà níbẹ̀, ẹ̀rín wà níbẹ̀, ọmọ tó ń sùn wà níbẹ̀, nítorí ẹni tó ń gbé inú ilé ló ń yà á.

Bí obìnrin kan ní Ọ̀wọ̀ bá fẹ́ sọ ti ọjọ́ yẹn lọ́jọ́ kan, kí a fún un ní àyè, àkókò àti kámẹ́rà. Bí kò bá fẹ́ sọ ọ́ láéláé, kí ẹnikẹ́ni má fipá mú un. Ojú kan náà ni mo fi ń wo méjèèjì.

*

Ohun tó máa ń dá ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin dúró níbí ni ọ̀rọ̀ ilé: bàbá, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, àfẹ́sọ́nà, pásítọ̀, àlùfáà. “Ta ló ní kí o gbé ilé wa síta?” Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn mìíràn. Mona Hatoum, ọmọ Palẹsitáìnì tí wọ́n bí ní Beirut, wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Lẹ́bánónì ní 1975, kò sì lè padà. Ní 1988, ó ṣe fídíò kan, Measures of Distance, tó jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Fọ́tò ìyá rẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀ ni a ń rí, lẹ́tà ìyá náà ní èdè Lárúbáwá bò ó bí aṣọ títa, ohùn ọmọ sì ń ka lẹ́tà náà. Nínú lẹ́tà, ìyá ń sọ bí inú ṣe bí bàbá nígbà tó mọ̀ pé ọmọ ti ya ìyá rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n wọ oko olóko.

Ìyá ló gbà pé kí ọmọ lò ó. Gbogbo agbára iṣẹ́ náà dá lórí ìyọ̀ǹda yẹn. Ọmọbìnrin tó bá ya ìyá rẹ̀ láìbèèrè, tó sì gbé e síta, orogún Ọ̀rọ̀nsẹ̀n ni, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ ló fi ṣe é.

*

Ìdóàní, ní agbègbè Ọ̀sẹ̀. Ìlú kan ni, ṣùgbọ́n àdúgbò wà níbẹ̀ tí èdè wọn, Ìyayu, bá èdè Ẹ̀dó tan ju Yorùbá lọ. Ọmọ tí wọ́n bí sí àdúgbò yẹn lónìí lè lọ sí ilé ìwé, kó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kó ra nǹkan lọ́jà, kó má nílò èdè ìyá àgbà rẹ̀ rárá. Láàárín ìran mẹ́ta, ó lè tán.

Ẹ̀ka èdè Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú ní ohùn tirẹ̀, tí Yorùbá inú ìwé kì í kọ sílẹ̀. Mo ti wo fídíò àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń sọ ìtàn ìdílé wọn. Bí kámẹ́rà bá ti tàn, wọ́n á bọ́ sínú Yorùbá orí rédíò tàbí Gẹ̀ẹ́sì, ohùn wọn á yí padà, ìrísí wọn náà á yí padà. Mi ò bá wọn wí, ilé ìwé ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ sọ irú ẹni tí òun jẹ́, tó wá fi ohùn ilé rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ti fi ìlàjì ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Safi Faye, ọmọ Senegal, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1975, nígbà tó ṣe Kaddu Beykat, abúlé àwọn òbí rẹ̀ ló lọ, ẹnu àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ló sì fi sọ ọ́. Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè náà, kó ka àkọlé ìsàlẹ̀.

Èdè Ìyayu, ti Ìfọ̀n, ti Ọ̀wọ̀, ti Ìmèrí: bí ìyá àgbà bá ṣe ń sọ ọ́ ni kí ẹ ṣe gbà á.

*

Bisi Silva, obìnrin tó ń ṣètò àfihàn iṣẹ́ ọnà ní Èkó, kú ní oṣù kejì ọdún 2019. Ó dá Centre for Contemporary Art sílẹ̀ ní Yábà ní 2007, ní ilé kan tí ẹni tí kò mọ ọ̀nà lè kọjá. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́bìnrin ti rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ pé ara obìnrin, nǹkan oṣù obìnrin, ìbẹ̀rù obìnrin lè jẹ́ iṣẹ́ ọnà. Ní 2009, ó gbé iṣẹ́ Lucy Azubuike, ọmọ Nàìjíríà, àti Zanele Muholi, ọmọ South Africa, síta pọ̀, àwọn kan sì kan ojú. Kò padà sẹ́yìn. Kò sí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀wọ̀. Ó yẹ kó wà.

*

Ìṣòro tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni pé fídíò ń sọnù. Ọmọ ya ìyá rẹ̀, fóònù bọ́ sómi. Wọ́n jí i ní gáréèjì. Mẹ́mọ́rì kún, ó pa ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn rẹ́ láti fi fíìmù tuntun sí i. Ìyá náà kú, ìdílé ń wá ohùn rẹ̀ kiri lórí WhatsApp, ohun tí wọ́n rí kò ju “ṣé o ti jẹun?” lọ. Orí amọ̀ Igbó 'Lájà lo nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún lábẹ́ ilẹ̀, a sì rí i. Fáìlì inú fóònù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀wọ̀ ní musíọ̀mù láti 1968. Ilé ẹ̀kọ́ gíga tí à ń pè ní Rufus Giwa Polytechnic lónìí ti wà láti 1979. Bí àwọn méjèèjì bá lè ya kọ̀ǹpútà kan sọ́tọ̀, kí wọ́n máa gba ẹ̀dà fídíò tí àwọn ọmọbìnrin ìlú bá yà nípa ara wọn àti ìyá wọn, kí wọ́n kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i, kí wọ́n sì tì í pa mọ́ títí ẹni tó ni ín bá ní kí wọ́n ṣí i, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe yẹn. Owó rẹ̀ kò tó owó ìnáwó ọjọ́ kan.

Kí ẹ̀yin ọmọbìnrin Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń ka èyí má dúró de kọ̀ǹpútà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nílé. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ìyá yín kí ẹ tó yà wọ́n, bí wọ́n bá sì kọ̀, ẹ ya ara yín kí ẹ sọ ohun tí kíkọ̀ náà ṣe fún yín. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀ àti tẹlifíṣọ̀n kí ohùn lè dún. Ẹ dárúkọ ìlú, ọjọ́ àti ọdún ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ dà á kọ sí ibi méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹni tí kò bá yín gbé ilé. Kí ẹ sì jẹ́ kí ìyá náà wò ó tán kí ẹnikẹ́ni mìíràn tó wò ó.